Java Wo Ló Ń Sọ̀rọ̀? Àwọn Àṣìṣe Build Lẹ́yìn Tí A Bá Pààrọ̀ JDK

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ooru náà. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Lánàá iṣẹ́ ń lọ geere, ẹ gbé JDK tuntun, ìyẹn àpò irinṣẹ́ Java, sórí kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, pupa ni gbogbo ojú terminal, build, ìyẹn iṣẹ́ sísọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, ò parí mọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fi ń ráhùn, bó ṣe ń kọ wọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì ni màá ṣe kà wọ́n, torí bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa bá wọn pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí èyí tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, kóòdù ti bàjẹ́." Mo ní kí ló dé. Ó ní òun kàn gbé iṣẹ́ wa láti Java 21 lọ sí Java 25 ni o, òun ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, àṣìṣe 100 ló jáde. Mo bi í pé kí ló ti ṣe sí i. Ó ní òun ti ń tún wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti bíi wákàtí méjì, ó ku díẹ̀. Mo dìde lórí ìjókòó.

Ẹ̀yin náà, ẹ wo 100 yẹn dáadáa. Nọ́ńbà tó pé gbáko bẹ́ẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ mú yín fura. Javac, compiler tó ń sọ kóòdù Java wa di fáìlì .class, kì í fi àṣìṣe hàn kọjá 100. Tó bá ti dé ibẹ̀, ó máa ń dákẹ́ ni, àfi tí ẹ bá fi `-Xmaxerrs` sọ fún un pé kó máa fi wọ́n hàn lọ. Àbúrò mi rò pé òun ń sún mọ́ òpin, àṣé bó ṣe ń tún mẹ́wàá ṣe ni mẹ́wàá mìíràn ń wọlé láti ẹ̀yìn.

Mo ní kó ka mẹ́ta fún mi. "Cannot find symbol", getSurname. "Cannot find symbol", getPhone. "Cannot find symbol", builder. Ẹni tó bá ti lo Lombok rí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Àwọn method yẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kọ wọ́n. Lombok ló máa ń kọ wọ́n nígbà tí compile bá ń lọ lọ́wọ́. Bí Lombok ò bá wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, javac ò ní sọ pé Lombok ò wá. Kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Lombok. Ohun tí òun mọ̀ ni pé wọ́n ní kí òun wá getSurname, òun ò sì rí i. Àìsàn kan ṣoṣo ni, ojú 100 ló ti yọ.

Kí ló wá dé tí Lombok ò fi wá? A ti gbé e sókè sí ẹ̀dà tó mọ Java 25, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí àbúrò mi fura sí i. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́dọ̀ javac fúnra rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, javac máa ń yẹ gbogbo classpath, ìyẹn àtòjọ ibi tó ti ń wá library, wò, tó bá ti rí annotation processor, irinṣẹ́ bíi Lombok tó ń kọ kóòdù nígbà compile, níbẹ̀, á gbà á wọlé láìbi í léèrè. Láti Java 23, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó ti jáwọ́ nínú àṣà yẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu ara yín sọ pé ẹ ń retí àlejò. Nínú Maven, ọ̀kan lára àwọn irinṣẹ́ tó ń ṣe build, ẹ máa kọ Lombok sínú `annotationProcessorPaths` lábẹ́ maven-compiler-plugin, tàbí kí ẹ fún javac ní `-proc:full`. Àwọn tó ń lo Gradle, irinṣẹ́ build mìíràn, tí wọ́n sì ti kọ Lombok sábẹ́ `annotationProcessor` kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Java 21 ti kìlọ̀ fún wa. Ní gbogbo build, ó ń kọ "Note" gígùn kan tó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí òun ò ní ṣe báyìí mọ́. A ń rí i lójoojúmọ́. Ta ló ń ka Note? Mo sọ fún àbúrò mi pé kó da gbogbo ohun tó ti fọwọ́ kọ nù, kó `git checkout`, kó fi ìlà mẹ́fà kún pom.xml, fáìlì ètò Maven. Ó dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n?" Mo ní gbogbo ẹ̀.

Ìdí tí mo fi gbé èyí síwájú ni pé bí ẹ bá pààrọ̀ Java, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ojú máa ń lọ, ibi tí Maven ti kọ "BUILD FAILURE" tó sì ní kí ẹ fi `-e` tún un ṣe. Ìdágbére nìyẹn. Ẹ gòkè lọ bá àṣìṣe àkọ́kọ́, ẹ tún gòkè díẹ̀ sí i, ẹ wo àwọn ìkìlọ̀ tó ṣíwájú rẹ̀. Kí ẹ tó wá fọwọ́ kan kóòdù rárá, ẹ bi ara yín pé, Java wo ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ máa sọ pé Java tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ni. Ó dáa. Mo ka àwọn Java tó wà lórí láátọ́ọ̀pù tèmi lọ́jọ́ kan, márùn-ún ni mo bá níbẹ̀, mi ò sì rántí ìgbà tí méjì nínú wọn wọlé. PATH àti JAVA_HOME ni ètò méjì tó ń sọ ibi tí Java wà fún ẹ̀rọ. Èyí tí PATH ń tọ́ka sí lè yàtọ̀ sí èyí tí JAVA_HOME ń tọ́ka sí, Maven sì ń tẹ̀ lé JAVA_HOME kó tó wo PATH. IntelliJ ní Java tirẹ̀ tó fi ń gbé ara rẹ̀ dúró, ó tún ní Project SDK tí ẹ yàn, ó tún ní èyí tó fún Gradle. Lórí Ubuntu, bí ẹ bá lo `update-alternatives --config java`, java nìkan lẹ yí o. Javac ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, JAVA_HOME ò sì gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Lórí Windows, ẹ lè yí JAVA_HOME, kí terminal tó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀ ṣì máa lo ti àtijọ́ títí ẹ ó fi pa á. Gradle daemon, èyí tó ń dúró lẹ́yìn tí build bá parí, òun náà, `./gradlew --stop` ló máa lé e lọ.

Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá pè mí báyìí, mi ò kì í ní kó fi àṣìṣe hàn mí. Mo máa ní kó tẹ `java -version`, `javac -version`, `echo $JAVA_HOME` àti `mvn -version`, kó fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́. Bí ẹnu wọn ò bá kò, a ò ní lọ sí ibì kankan títí ẹnu wọn á fi kò.

Nọ́ńbà kan wà tó yẹ kí ẹ há sórí: 44. Gbogbo fáìlì .class ló ń fi báìtì mẹ́rin kan náà bẹ̀rẹ̀, CAFEBABE, ẹ̀rín àwọn tó kọ́kọ́ ṣe Java nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà ẹ̀dà wà. Ẹ yọ 44 kúrò lára rẹ̀, ẹ ó mọ Java tó bí i. 52 jẹ́ Java 8, 55 jẹ́ 11, 61 jẹ́ 17, 65 jẹ́ 21, 69 jẹ́ 25. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá ń ráhùn, ẹ máa mọ ẹni tó ju ẹni lọ. Bó bá ní "class file has wrong version 61.0, should be 52.0", ẹ ti mú library tí wọ́n fi Java 17 ṣe wá bá compiler Java 8, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan gbé Spring, framework Java kan, sókè láìgbé Java tẹ̀ lé e. Bó bá ní "invalid target release: 17", pom yín ń béèrè 17 lọ́wọ́ compiler tí kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò rí i pé JAVA_HOME ṣì wà lórí ti àtijọ́.

Àmọ́ bó bá ní "Unsupported class file major version 65", ẹ má bá Java jà. Kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀. Irinṣẹ́ àtijọ́ kan ló bá Java tuntun pàdé tí kò mọ̀ ọ́n, ó sábà máa ń jẹ́ Gradle, tàbí plugin kan tó ń fi library ASM ka fáìlì .class. Gradle 7.3 ló kọ́kọ́ bá Java 17 rẹ́ dáadáa, 8.5 ló lè ṣiṣẹ́ lórí 21. Ẹ wá wo bó ṣe máa ń há èèyàn: Gradle àtijọ́ ò lè jí lórí Java tuntun, bẹ́ẹ̀ òun lẹ fẹ́ rán pé kó lọ gbé ara rẹ̀ sókè. Ẹ gbé wrapper, ìyẹn `gradlew` tó ń yan ẹ̀dà Gradle, sókè nígbà tí Java àtijọ́ ṣì wà lórí oyè. Irinṣẹ́ ló ń ṣáájú, Java ló ń tẹ̀ lé e.

Ó yá, ká lọ sí ọ̀rọ̀ ògiri. Àwa tí a dàgbà nínú agboolé mọ̀ pé láyé àtijọ́, kò sí ògiri láàárín ilé kan sí èkejì. Ẹ lè gba ẹ̀yìnkùlé bàbá àgbà kọjá lọ sódò, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Bí Java 8 ṣe rí nìyẹn. Àwọn yàrá inú rẹ̀, `sun.misc`, `com.sun.tools.javac` àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní kí àlejò má wọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn. Gbogbo library tó lókìkí ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún 2017, Java 9 mọ ògiri, ó sì fi géètì sí i, ó ní ẹ ṣì lè kọjá, ṣùgbọ́n màá máa pariwo yín: "An illegal reflective access operation has occurred". Ìkìlọ̀ tí gbogbo wa gbé ojú kúrò lára rẹ̀ nìyẹn. Java 16 ti géètì náà, ó fi kọ́kọ́rọ́, ìyẹn `--illegal-access=permit`, sílẹ̀ lọ́wọ́ máígáàdì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Java 17 gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ máígáàdì; `--illegal-access=permit` tí ẹ kọ síbẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan mọ́, ó kàn máa sọ fún yín pé òun ò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ti Java 8 fò sí 17 ṣe máa ń rí "InaccessibleObjectException" nínú test, tàbí kí Lombok àtijọ́ kọ lẹ́tà gígùn pé jdk.compiler kò "opens" nǹkan kan fún òun. `--add-opens`, tó ń ṣí yàrá tí ẹ bá dárúkọ, ṣì wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Fún test, ẹ kọ ọ́ sínú `argLine` ti surefire, plugin Maven tó ń ṣe test. Fún compile, ẹ kọ ọ́ sínú `.mvn/jvm.config`. Èmi máa ń fi gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá gbọ́dọ̀ jáde, màá sì kọ ọjọ́ tí màá yọ ọ́ kúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Torí library tí kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti fi í sílẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rántí ará ilé tó ń jẹ kòkòrò búburú, tí hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn sùn? `mvn dependency:tree` ló máa fi í hàn yín, `jdeps --jdk-internals` á sì sọ irú kòkòrò tó ń jẹ.

Àwọn kan wà tí wọ́n kó kúrò nílé pátápátá. Java 11 lé JAXB, tó ń bá wa ka XML, àti àwọn ẹbí rẹ̀ jáde: `javax.xml.bind`, `javax.xml.ws`, `javax.annotation` tí `@PostConstruct` wà nínú rẹ̀. Ẹ máa rí "package javax.xml.bind does not exist". Wọn ò kú. Ẹ kàn máa fi ọwọ́ ara yín kọ wọ́n sínú pom bí library yòókù. Pàkúté kan wà níbẹ̀. Nígbà tí Oracle gbé Java EE fún Eclipse Foundation, orúkọ yí padà láti javax sí jakarta, ṣùgbọ́n kò yí níta àti nínú lọ́jọ́ kan náà. `jakarta.xml.bind-api` 2.3.3, jakarta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, `javax.xml.bind` lẹ ṣì máa bá nínú yàrá. Láti 3.0 ni inú àti ìta ṣẹ̀ṣẹ̀ di jakarta. Kóòdù àtijọ́ tí ẹ ò tíì fẹ́ fọwọ́ kàn, 2.3.3 ni kẹ́ ẹ fún un.

Ẹ sì má ṣe bíi ti ẹnì kan tí mo mọ̀, tó ṣí gbogbo iṣẹ́, tó fi "jakarta" rọ́pò "javax" láti òkè délẹ̀, tó wá ní òun ti ṣe tán ní ìṣẹ́jú kan. `javax.sql` ò lọ ibì kankan. `javax.crypto` náà ò lọ, `javax.net.ssl` ń bẹ nílé. Ti JDK ni wọ́n, ọmọ inú ilé ni wọ́n. Gbogbo database wa ló kú lọ́jọ́ náà.

Èyí tó kàn yìí, àwa Yorùbá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn jù, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Nínú iṣẹ́ kan tí a fi ń tẹ ìwé owó oṣù, a kọ orúkọ pẹ̀lú àmì, bó ṣe yẹ. Orí Linux tèmi, kò sí ìṣòro. Lórí Windows ẹlòmíràn, pẹ̀lú Java 11, ó ní: "unmappable character (0x8D) for encoding windows-1252". Ó ya wá lẹ́nu pé àwọn fáìlì kan ń kọjá, àwọn kan ò kọjá, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ní àmì.

Mo jókòó, mo ka báìtì, àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń kọ lẹ́tà. UTF-8 àti windows-1252 jẹ́ encoding, ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ tí ẹ̀rọ ń gbà kọ ọ́. Ọ ńlá nínú UTF-8 jẹ́ E1 BB 8C. Ọ kékeré jẹ́ E1 BB 8D. Windows-1252 ní lẹ́tà fún 8C, kò ní nǹkan kan fún 8D. Torí náà Ọ ńlá á kọjá, á di wúruwùru, ṣùgbọ́n á kọjá. Ọ kékeré á dá build dúró. Ṣ kékeré jẹ́ E1 B9 A3, A3 sì ni àmì owó pọ́n-ùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, torí náà gbogbo ṣ wa di owó. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí a máa ń gbé lé orí ọ̀ àti ẹ̀ jẹ́ CC 80, 80 sì ni owó Yúróòpù. Àmì ohùn òkè jẹ́ CC 81, windows-1252 ò ní 81, build tún dúró. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀ gba owó ilẹ̀ òkèèrè, ẹni tó ní ohùn òkè ò gba nǹkan kan. A rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Inú container Linux tí wọn ò ṣètò èdè fún, ó tún le jù bẹ́ẹ̀: ASCII ni Java máa ń rò pé a ń kọ, báìtì E1 àkọ́kọ́ ló ti máa takú. Java 18, ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ló wá sọ UTF-8 di ohun tí Java á máa lò níbi gbogbo bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ nǹkan mìíràn. Nípa èyí, pípààrọ̀ Java ṣe wá lóore. Ṣùgbọ́n ó lè kọ lu ẹlòmíràn: fáìlì tí ẹnì kan fi editor àtijọ́ kọ £ sí lórí Windows, A3 kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Java tuntun á sì ní "unmappable character (0xA3) for encoding UTF-8". Ẹ má tìtorí ìyẹn dá encoding padà sí ti àtijọ́. Ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí UTF-8, ẹ sì kọ `project.build.sourceEncoding` sínú pom kí ó má baà dá lórí ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Maven tilẹ̀ ti ń kìlọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: "build is platform dependent!" Ìkìlọ̀ náà nìyẹn o, ẹ ṣáà ń gbọ́.

Bí iṣẹ́ yín bá ní `messages_yo.properties`, láti Java 9 ni ResourceBundle ti ń kà á bíi UTF-8. Ẹ lè dẹ́kun kíkọ `\u1ECD` níbi tó yẹ kí ẹ kọ ọ. Àmọ́ bí ẹ bá ń fi `Properties.load` ka InputStream, ti àtijọ́ ló ṣì ń lò. Ó mú mi lẹ́ẹ̀mejì.

Lórí data: gbogbo ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ní kí ẹ pa fódà `.m2`, ibi tí Maven ń kó àwọn library tó wà sílẹ̀ sí, rẹ́. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ra data bí àwa ṣe ń rà á. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lójú ọ̀nà, jar kan ló máa bàjẹ́, ẹ máa rí "zip END header not found" pẹ̀lú orúkọ jar náà. Fódà jar yẹn nìkan lẹ máa pa. Bí Maven bá sì ní òun ti wá nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, òun ò rí i, òun ò ní wá a mọ́ báyìí, `-U` ló máa mú kó tún un wá.

Ẹnì kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn béèrè pé kí ló dé tí a ò kúkú dúró sórí Java 8, ṣebí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Spring Boot 3, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, kò gba ohun tó kéré sí Java 17, wọ́n sì ti jáwọ́ nínú títún 2.7 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ẹni tó dúró sórí 8, òun nìkan kọ́ ló dúró, gbogbo library rẹ̀ náà ló dúró tì í. Bó bá jẹ́ èmi, màá gbé plugin àti Gradle tàbí Maven sókè lórí 8 ná, màá commit. Màá lọ sí 11, màá kọ JAXB sínú pom, màá commit. Màá lọ sí 17, ibẹ̀ ni màá ti bá ògiri jà. Lẹ́yìn ìyẹn ni jakarta, kí n má pa á pọ̀ mọ́ ti ògiri lọ́jọ́ kan náà, torí mi ò ní mọ èyí tó ń pariwo.

Arákùnrin náà ní òun ti gbìyànjú rẹ̀ lánàá, ó sì kọ̀. Ẹ gbé láátọ́ọ̀pù yẹn wá síwájú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí `mvn -version` ń sọ.